Ká Ṣírò Ká Tó Kàn Án: Ẹ̀kọ́ Lórí Àpótí Ìsàba Ẹyin Adìẹ

Ibi kíkà: Lúùkù 14:28–30

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ẹyin ń fẹ́ fún ọjọ́ 21, kí a lè ṣírò ooru tí àpótí wa yóò máa jò, kí a sì lè mọ ohun tí a ó ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ń sin adìẹ mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá fẹ́ kún adìẹ wa, òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ni a ń rà. Púpọ̀ nínú wọn ń ti ọ̀nà Ìbàdàn wá nínú páálí, ìrìn àjò a sì máa pa nínú wọn. Nítorí náà ni ẹni tí ó ní àkùkọ àti àgbébọ̀ tirẹ̀ fi máa ń rò ó pé: Kí ló dé tí n kò fi ní máa pa ẹyin fúnra mi?

Ìbéèrè rere ni. Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé a ó pe káfíńtà, a ó ní kí ó kan àpótí, a ó fi gílóòbù méjì sí i, a ó sì kó ẹyin sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó pa, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni, àwọn mìíràn á ní ẹyin náà ni kò dára. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìṣirò ni a kò ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Bíbélì kíkà wa ni a ní kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó ṣírò. Jíjókòó yẹn ni ẹ̀kọ́ wa lónìí. Ìṣirò tí ó bá bàjẹ́ lórí ìwé kò pa òròmọdìẹ kankan.

1. ÒṢÓMÀÁLÓ NI ÀGBÉBỌ̀

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló. Aṣọ àwìn ni ó ń tà, bí ọjọ́ owó bá sì pé, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Àgbébọ̀ tí ó ń sàba náà nìyẹn. Ọjọ́ 21 ni ó fi ń lóṣòó lé ẹyin lórí, kò ní dìde àfi kí ó lọ jẹun díẹ̀, kí ó mumi, kí ó sì sáré padà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Bí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, mẹ́rin ni.

Èkíní, ó ń fún ẹyin ní ooru. Nínú àpótí tí ó ní fáànù, 37.5°C sí 37.8°C ni ẹyin ń fẹ́. Nínú àpótí tí kò ní fáànù, ooru máa ń gbá jọ sí òkè, nítorí náà a ó fi tẹmómítà sí ìwọ̀n gíga orí ẹyin gan-an, kí ó máa kà tó 38.3°C sí 38.9°C níbẹ̀.

Èkejì, ó ń yí ẹyin padà. Bí ẹyin bá dùbúlẹ̀ sí ojú kan, ọlẹ̀ inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ èèpo. Kí a máa yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ títí di ọjọ́ 18, kí a sì dá a dúró. Ìdí tí a fi ń lo òǹkà tí kò ṣeé pín sí méjì ni pé ẹ̀gbẹ́ tí ẹyin fi sùn lánàá kọ́ ni yóò fi sùn lónìí.

Ẹ̀kẹta, ó ń pa ọ̀rinrin mọ́. Ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ó gòkè sí 65 tàbí 70. Bí a kò bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin, òṣùwọ̀n ilé ìdáná lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí ẹyin tí ó ń lọ dáadáa yóò pàdánù nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ní ọjọ́ 18. Ẹyin 60 tí ó wúwo tó kílò 3.3 ní ọjọ́ kìíní yẹ kí ó kù sí nǹkan bí kílò 2.9. Bí ó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú abọ́ wa ti pọ̀ jù. Bí ó bá fúyẹ́ jù, omi kò tó.

Ẹ̀kẹrin, ó ń jẹ́ kí ẹyin mí. Èèpo ẹyin ní ihò kéékèèké tí ojú wa kò rí. Àpótí tí a dí pátápátá yóò fún òròmọdìẹ pa nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jáde.

2. KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó òde òní ni kí a máa pa ẹyin láìsí adìẹ lórí rẹ̀. Aristotle, tí ó gbé ayé ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Íjíbítì ń pa ẹyin láìlo adìẹ. Ilé amọ̀ bí ààrò ńlá ni wọ́n ń kọ́, wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ dáná sí i, òṣìṣẹ́ a sì máa gbé ẹyin sún mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ooru rẹ̀ tó. Wọn kò ní tẹmómítà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwọ̀n.

Ohun mìíràn wà tí yóò wú àwa ìyá lórí. Ní Paris, dókítà agbẹ̀bí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tarnier rí àpótí tí wọ́n fi ń pa ẹyin ní ọgbà ẹranko. Ó ní kí ẹni tí ó ṣe é bá òun ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ní nǹkan bí 1880 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ ní Wesley Guild níbí ní Iléṣà pé wọ́n gbé ọmọ tuntun kan sínú àpótí ooru, kí a rántí pé ọgbọ́n ẹyin adìẹ ni ó bí i.

3. ÌṢIRÒ ÀKỌ́KỌ́: OORU TÍ Ń JÒ

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a mú bírò àti ìwé. Ká sọ pé àpótí wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó sì ga ní 40. Kíréètì ẹyin méjì, ìyẹn ẹyin 60, yóò wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bí a bá kó fífẹ̀ gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, yóò fún wa ní mítà oníhà mẹ́rin 1.48.

Ooru máa ń jáde láti ibi tí ó gbóná lọ sí ibi tí ó tutù. Bí ìyàtọ̀ inú àti ìta bá ti pọ̀ tó ni jíjò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Òfin rẹ̀ rọrùn: ẹ mú fífẹ̀ àpótí, ẹ fi ìyàtọ̀ ooru sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi agbára tí ògiri ní láti dí ooru pín in. Èsì rẹ̀ ni iye wáàtì tí ń jò.

Ní òru ọyẹ́, yàrá wa lè tutù dé 20°C. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 37.5 jẹ́ 17.5. Ìlọ́po 1.48 àti 17.5 jẹ́ 25.9.

Bí ògiri àpótí bá jẹ́ pláíwúùdù kan ṣoṣo tí ó nípọn tó mìlímítà 12, agbára ìdíooru rẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn nínú àti lóde, jẹ́ nǹkan bí 0.35. Ẹ fi pín 25.9, yóò jẹ́ wáàtì 74.

Bí ó bá jẹ́ pláíwúùdù tín-ínrín méjì tí a fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín wọn, tí a sì rọ iyẹ̀ pákó gbígbẹ kún àlàfo náà, agbára rẹ̀ yóò gòkè sí nǹkan bí 1.2. Ẹ fi pín 25.9, wáàtì 22 péré ni.

Iyẹ̀ pákó náà kò wọ́n. Ìdọ̀tí ni àwọn onísọ́míìlì kà á sí. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí tún dára jù ú lọ.

Ẹ fi wáàtì 6 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ó di 80 fún àpótí lásán, 28 fún àpótí oníyẹ̀. Fún ọjọ́ 21, bí òtútù náà kò bá yí padà, àpótí lásán yóò jẹ yúníìtì iná 40, èkejì yóò jẹ 14. Ẹni tí ó ń ra yúníìtì sí mítà rẹ̀ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Gílóòbù wo ni kí a wá lò? Gílóòbù olóòwú ti àtijọ́ tí ń gbóná ni, nítorí èyí tí ń fowó iná pamọ́ ń tan ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Gílóòbù wáàtì 40 méjì nínú àpótí lásán yóò máa tàn lọ láìsinmi ní òru ọyẹ́, síbẹ̀ yóò kàn tó ni, kò ní ṣẹ́ kù. Nínú àpótí oníyẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó. Bí ọ̀kan bá jó, èkejì yóò gbé ilé ró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ fi tẹ́mósítáàtì sí i kí ó máa pa wọ́n, kí ó máa tàn wọ́n.

4. ÌṢIRÒ KEJÌ: BÍ WỌ́N BÁ MÚ INÁ LỌ

Ibí ni ẹjọ́ wà gan-an. Àwọn kan ṣì ń pè é ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti yí padà láti 2005, tí iléeṣẹ́ tí ń pín iná ní Ìbàdàn sì ti gba agbègbè wa láti 2013. Orúkọ ti yí, ṣùgbọ́n iná ṣì ń lọ. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹyin wa?

Láti mọ̀ ọ́n, ohun kan ṣoṣo ló kù tí a ní láti mọ̀, ìyẹn iye ooru tí ó wà ní ìpamọ́ nínú àpótí. Kí ẹyin 60 tó lè tutù ní dígírì kan, ó gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan bí júùlù 11,000. Omi lítà 5 ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdánù 21,000. Omi ni ó mọ ooru tọ́jú jù nínú ohun tí a ní nílé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí iná lọ, àpótí oníyẹ̀ ń jò ní nǹkan bí wáàtì 27. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìṣísẹ̀ 60, nítorí náà júùlù tí ó jáde jẹ́ nǹkan bí 1,640. Ẹ fi 11,000 pín in: ẹyin ti tutù ní dígírì 0.15. Ní ìṣẹ́jú kejì, inú ti tutù díẹ̀, nítorí náà jíjò náà dín díẹ̀. A ó tún un ṣe. Ní ìṣẹ́jú kẹta, a ó tún un ṣe.

Fún wákàtí mẹ́rin, ìṣirò yìí jẹ́ ìlà 240. Kò sí èyí tó le nínú wọn, àmọ́ ọwọ́ yóò ro ẹni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyí. Ẹ ní kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín ṣí Excel, kí ó kọ ìlà àkọ́kọ́, kí ó sì fà á wálẹ̀ dé ìlà 240. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní àwòṣe orí kọ̀ǹpútà kò ju èyí lọ ní ìpìlẹ̀. A ń fi òǹkà kan àpótí kí a tó fi pákó kàn án. Bí a bá fẹ́ kí ògiri nípọn sí i, òǹkà kan ni a ó yí, gbogbo ìlà 240 yóò sì yí ara wọn padà.

Èsì tí ìṣirò náà fún wa nìyí, nínú yàrá 20°C:

Àpótí pláíwúùdù lásán: lẹ́yìn wákàtí 1, ó ti wálẹ̀ sí 24°C.
Àpótí oníyẹ̀, láìsí omi: lẹ́yìn wákàtí 1, 30.5°C, lẹ́yìn wákàtí 4, 22°C.
Àpótí oníyẹ̀, pẹ̀lú omi lítà 5 nínú ike tí a dé: lẹ́yìn wákàtí 1, nǹkan bí 35°C, lẹ́yìn wákàtí 4, nǹkan bí 29°C.

Ẹ wò ó dáadáa. A kò ra jẹnẹrétọ̀, a kò ra bátìrì. Iyẹ̀ pákó àti ike omi ni ó ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yìí. Ẹyin sì máa ń fara da òtútù ìgbà díẹ̀ ju ooru àpọ̀jù lọ. Àgbébọ̀ pàápàá máa ń dìde lórí rẹ̀ kí ó lọ jẹun. Ó lè fa ìdádúró, kí ó pa ní ọjọ́ 22, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Nígbà tí iná bá sì dé, gílóòbù méjèèjì yóò mú ẹyin àti omi náà padà sí 37.5 ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù kan ni, yóò tó wákàtí mẹ́rin. Nítorí náà ni a ṣe ní méjì. Ẹ rántí pé omi tí ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ sínú ike, kí ó má baà máa gba ooru lọ́wọ́ ẹyin.

5. Ọ̀SẸ̀ KẸTA: ẸYIN DI AJÓNÁ

Ìṣirò tún fi ohun kan hàn wá tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ọlẹ̀ tí ó ń dàgbà ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 18, ẹyin kan ń mú tó wáàtì 0.14 wá. Bí 50 nínú ẹyin 60 bá wà láàyè, wáàtì 7 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀sán oṣù Kẹta, tí yàrá wa gbóná dé 35°C. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 37.5 kò ju 2.5 lọ. Àpótí oníyẹ̀ wa yóò máa jò ní wáàtì 4 péré. Wáàtì 7 ń wọlé, 4 ń jáde, gílóòbù sì ti kú láti àárọ̀! Inú àpótí yóò máa gbóná lọ, kò sì ní sí gílóòbù tí a lè pa mọ́. Bí ó bá kọjá 40°C fún wákàtí mélòó kan, àwọn òròmọdìẹ tí ó kù ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n jáde yóò kú sínú èèpo. Nígbà náà ni a ó máa sọ pé ẹyin wọ̀nyí ti ń lọ dáadáa tẹ́lẹ̀, kí ló wá dé?

Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n. Kí káfíńtà lu ihò afẹ́fẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ àti òkè, kí ó sì ṣe ìdérí tí a lè fà síwá sẹ́yìn sí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní kí a ṣí díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹta kí a ṣí wọn gbàgà, kí a sì gbé àpótí náà sí yàrá tí ó tutù jù nílé, tí oòrùn kò ti ojú fèrèsé wọ̀.

6. OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ MỌ̀

Kí a má tan ara wa. Ìṣirò tí a ṣe yìí gbà pé ooru dọ́gba jákèjádò inú àpótí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igun kan lè tutù, ẹyin tí ó wà lábẹ́ gílóòbù sì lè máa sè. Ní àwọn yunifásítì, wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè ya bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí nínú àpótí. Ibùdó ìwádìí agbára tí ó wà ní yunifásítì Nsukka náà ti ṣiṣẹ́ lórí àpótí ìsàba tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́. Àwa kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní tẹmómítà. Ẹ fi fáànù kékeré tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà àlòkù sí i kí afẹ́fẹ́ máa yí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tan àpótí náà lófìfo fún ọjọ́ méjì gbáko, kí ẹ máa gbé tẹmómítà láti igun dé igun, kí ẹ sì pa iná fún wákàtí kan láti wò ó bóyá ohun tí ìwé sọ ni àpótí ṣe. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, àpótí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kọ̀ǹpútà kò tún mọ irú ẹyin tí a kó wá. Ẹyin kíréètì tí wọ́n ń tà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà tàbí ní Ìgbọ̀nà fún jíjẹ kò lè pa, nítorí kò sí àkùkọ láàárín àwọn adìẹ tí ó yé e. Ẹyin adìẹ tí ó ní àkùkọ ni kí a kó, tí kò tíì ju ọjọ́ 7 lọ, tí kò sán, tí a kò fi omi fọ̀, tí kò wọ fíríìjì rí. Ní ọjọ́ 7, kí a fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò nínú òkùnkùn. Èyí tí ó ní okùn ẹ̀jẹ̀ bí gbòǹgbò wà láàyè, èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan nínú, kí a yọ ọ́.

Ìkìlọ̀ kan: iyẹ̀ pákó àti fóòmù ń gbaná. Kí gílóòbù má ṣe kan ògiri, kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ sì so wáyà rẹ̀. A kò fẹ́ tìtorí òròmọdìẹ sun ilé.

ÌPARÍ

Ẹyin ní ń di àkùkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyin. Èyí tí a bá tọ́jú ni. Láàárín wa ni opó wà tí owó ẹyin 60 jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fi àpótí ṣe ìdánwò. Bí ẹgbẹ́ wa ní ìjọ kọ̀ọ̀kan bá kan àpótí kan ṣoṣo pọ̀, tí àwọn ìyá pín ìtọ́jú rẹ̀ láàárín ara wọn, tí ọ̀dọ́ kan sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìnáwó náà kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Leventis ní Iléṣà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, kò sì jìnnà sí wa bí a bá ń fẹ́ ẹni tí a ó bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jókòó, kí a ṣírò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́rin tí àgbébọ̀ ń ṣe lórí ẹyin. Èwo ni àpótí lè gbàgbé jù?
2. Bí yàrá bá gbóná dé 32°C, wáàtì mélòó ni yóò máa gba ara ògiri àpótí lásán jáde? Mélòó ni yóò gba ti oníyẹ̀? (Ìdáhùn: nǹkan bí 23 àti 7.)
3. Kí ló dé tí ike omi fi wúlò nígbà tí kò sí iná?
4. Kí ni ó lè pa òròmọdìẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Kẹta, bí gílóòbù tilẹ̀ ti kú?
5. Iṣẹ́ àmúrelé: Ẹ wọn àpótí tàbí káńbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan nílé, kí ẹ ṣírò ooru tí yóò máa jò ní òru ọyẹ́, kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.